Egungun Orúnkún Tí Mo Lọ Sin

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi títí n ó fi sọ ọ́ tán. Mo sin egungun orúnkún àbúrò mi, mo tún lọ hú u. Orí mi pé o. Ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Àlákẹ́ ni àbúrò mi náà ń jẹ́, ọmọ ìyá mi ni. Idigny níbí, nílẹ̀ Kétu, ni àwa méjèèjì ń gbé. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí làkúrègbé ti wọ̀ ọ́ ní orúnkún méjèèjì. Obìnrin tó máa ń ru apẹ̀rẹ̀ àgbàdo láti oko délé láìsinmi, ó wá di ẹni tí ń di ògiri mú kó tó dìde. Bó bá fẹ́ kí àgbà, kò lè kúnlẹ̀ mọ́. Á kàn tẹ orí ba, ojú á sì máa tì í. Lọ́jọ́ kan mo bá a nídìí ààrò tó ń sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ kó koná, kò lè nàró mọ́. Kí lẹ̀gbọ́n ń ṣe nírú ìgbà bẹ́ẹ̀? Mo ṣe bí ẹni tí èéfín wọ̀ lójú.

Felísítè, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà ní yunifásítì ní Kútọnú. Kì í ṣe dókítà tó ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ o. Inú kọ̀ǹpútà ló ti ń wá ìdí làkúrègbé. Nígbà tí wọ́n ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀, pé àwọn máa gé ibi tó ti jẹ ní orúnkún ọ̀tún, àwọn á sì fi irin rọ́pò rẹ̀, ọmọ yìí kọ́kọ́ wá bá mi, torí èmi lolórí ẹbí.

Ó ní, “Bàbá, wọ́n máa da egungun yẹn nù ni. Ẹ jẹ́ kí n gbà á. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.”

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ hàn mí. Àwọ̀ pupa àti búlúù ló kún ibẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n fi àkísà tò. Ó ní ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ jíìnì kan, ìyẹn àwọn ìtọ́ni tí a bí mọ́ wa lára. Gbogbo wọn ló wà níbi gbogbo nínú ara, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ìpàdé ẹbí wa nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó ń pariwo ló pupa, àwọn tó dákẹ́ ni búlúù. Kerekere kan wà láàárín egungun méjì tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn. Nínú orúnkún tó ti bàjẹ́, púpọ̀ nínú àwọn tó yẹ kó máa tún kerekere yẹn ṣe ti panu mọ́, àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló ń pariwo. Ó ní bí a bá mọ ẹni tó kọ́kọ́ pariwo, bóyá a lè rí oògùn tí yóò pa á lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Mo bi í pé èwo ni ará Kétu nínú àwọn tí wọ́n gba egungun wọn.

“Kò sí, Bàbá. Ọ̀nà jíjìn ni gbogbo wọn ti wá. Màámi ni ì bá jẹ́ ará Kétu àkọ́kọ́ níbẹ̀.”

Ṣé ẹ rò pé mo gbà? Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé irun, èékánná, ibi ọmọ, a kì í fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Ilé là ń sin wọ́n sí. Mo ti ń rí egungun Àlákẹ́ nínú ìkòkò olóògùn owó kan. Bẹ́ẹ̀ ọmọ tó bí ló ń tọrọ rẹ̀ o! Mo ní rárá. Mo tún kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ọ́ létí ìyá rẹ̀, kí ẹ̀rù má baà ba ìyẹn. Ta ni ẹ̀rù ń bà gan-an?

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá. Wọ́n di egungun náà sínú ọ̀rá fún mi, mo gbé e wá sílé, mo sin ín sí ẹ̀yìnkùlé bàbá wa. Ọkàn mi balẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n yẹ Àlákẹ́ wò nítorí orúnkún òsì. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, kò lè fara da iṣẹ́ abẹ mìíràn. Ti òsì á máa ro ó bẹ́ẹ̀ títí. Felísítè ló pè mí. Kò bú mi. Ó kàn ní, “Ọ̀kan ṣoṣo yẹn náà la ní, Bàbá.”

Kí ni ọlọ́gbọ́n ṣe? Ó gbé ọkọ́. Mo hú egungun, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ra yìnyín lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ẹja dídì, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà, mo wọkọ̀ lọ sí Kútọnú. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí pé irú ẹja wo ni. Mo ní àrọ̀ ni.

Felísítè ṣí kúlà náà, ó wò ó títí. Mo ní, “Mo ti fọ̀ ọ́ dáadáa o.” Omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní egungun ṣì wà lóòótọ́, àmọ́ ohun tí àwọn jíìnì ń sọ nígbà tí orúnkún ṣì wà láàyè lòun ń wá, ìyẹn kì í sì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru. Ká ní wọ́n gbé e sínú òtútù líle bí wọ́n ṣe gé e ni, ì bá ṣeé gbọ́.

Mo gbé kúlà mi padà. Ilé Àlákẹ́ ni mo gbà lọ tààrà. Ó na ẹsẹ̀ òsì sórí àpótí, ó ń yin àgbàdo. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde kí aráyé má baà rí wa. Kí lẹ jí?”

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù nìyí: mo bi ọkàn mi, mo bi àṣà, n kò bi ẹni tí orúnkún ń ro. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti fi ẹ̀rù tirẹ̀ pinnu ọ̀ràn ara yín rí? Ẹ kọ ọ́ fún mi, kì í ṣe èmi ni yóò fi yín ṣẹ̀sín.

Ní ti Àlákẹ́, ó yin èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. Ohun tó sọ, láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀ nínú ẹbí wa.

Ó ní, “Ẹ lọ sin ìyẹn padà. Ti òsì ṣì wà lára mi. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, Ẹ̀gbọ́n, Felísítè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, kẹ́ ẹ tó pe àwọn tó ń gbẹ́ sàréè.”