Ọkọ̀ Tó Gba Yàrá Ìyá Ìbejì

Ọjọ́ tí ìyàwó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ọkọ̀ dé ibi ìgbéyàwó rẹ̀, èrò pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ ti gbọ́ ìtàn náà débi pé wọ́n ń búra pé ojú àwọn ló ṣe. Àbúrò Ìyá Ìbejì ni ìyàwó ọ̀hún. Bàbá Ìbejì, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ni ọkọ̀: ọkọ̀ asáré pupa, oníjòkòó méjì, tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, tó sì dàgbà ju ìyàwó tó gbé sínú lọ. Gbogbo ẹbí ló bẹ Bàbá Ìbejì pé kó jẹ́ kí ìyàwó wọ takisí. Ó fàáké kọ́rí.

"Takisí kẹ̀? Kí èmi ní irú ọkọ̀ yìí nílé, kí àbúrò ìyàwó mi wá wọ takisí? Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Ní ìsàlẹ̀ òkè tó lọ sí gbọ̀ngàn, ọkọ̀ wúkọ́, ó mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Bàbá Ìbejì yí kọ́kọ́rọ́ títí. Ó bẹ̀ ẹ́, ó pọ́n ọn lé, ó bú u. Kò dáhùn. Nígbà tí ìyàwó gbọ́ tí wọ́n ti ń kọrin nínú gbọ̀ngàn, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó so ìbòjú rẹ̀ mọ́ ìdí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti ọkọ̀ gun òkè. Ẹni tó ni ọkọ̀ wà nídìí sítíárìn, ó ń pàṣẹ látojú fèrèsé: "Tì í dáadáa! Má jẹ́ kó ṣẹ́rí padà!" Ibi tí ìyàwó ti la ẹnu gbàgà láti fún un lésì ni onífọ́tò ti ya fọ́tò.

Fọ́tò náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá fi rẹ́rìn-ín lójú Bàbá Ìbejì, inú á bí i, á sì fariga.

"Kò tì í! Ó kàn fọwọ́ lé e ni!"

Ọjọ́ ìgbéyàwó náà ni àdúgbò ti sọ Bàbá Ìbejì ní Asáré-má-dé. Ohun tó mú kí orúkọ náà túbọ̀ dùn lẹ́nu wọn ni pé iṣẹ́ aago ni bàbá ń ṣe. Aago tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í parọ́, oníbàárà tó bá sì pẹ́ wá gba tirẹ̀ á gbọ́ ìwàásù lórí àkókò kó tó kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Bàbá Ìbejì fẹsẹ̀ rìn dé, gírísì lójú, gírísì nínú irùngbọ̀n. Tíṣà na ọwọ́ sí i, ó ní kó wo ohun tí aago wí. Bàbá Ìbejì tẹjú mọ́ aago náà, ó mi orí.

"Tíṣà, aago yín ń sáré jù. Ẹ bọ́ ọ, kí n bá yín tún un ṣe."

Àwọn ará ìta lè rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá a gbé. Ìyá Ìbejì ló bá a gbé, ọ̀ràn ọkọ̀ yìí sì dùn ún wọ egungun. Irun ló ń ṣe fún àwọn obìnrin, inú pálọ̀ ló sì ti ń ṣe é, láàárín àga àti tẹlifíṣọ̀n, tí irun ń fò sínú omi mímu àti sínú ọbẹ̀. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó kọ́ yàrá kan fún òun sójú títì. Bàbá Ìbejì gbọ́. Ó kọ́ ọ, ó fi fèrèsé ńlá sí i lọ́tùn-ún lósì, ó jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ gan-an. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn àdúrà ló wá bi í pé kí ló dé tí ilẹ̀kùn fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Kí àwọn oníbàárà rẹ lè máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni."

Kí ọ̀dà ara ògiri tó gbẹ, ọkọ̀ pupa ti wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Bàbá Ìbejì, kí lèyí?"

"Òjò ni, Ìyá Ìbejì. Òjò ò dáa fún irú rẹ̀. Tó bá ti dá báyìí, màá gbé e jáde fún ẹ."

Àwọn ìbejì dàgbà, wọ́n jáde ilé ìwé, wọ́n kó lọ sí ilé tiwọn, òjò ọ̀hún ò tíì dá. Ẹ gba mí o! Yàrá tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé ti èèyàn ni, irin ló ń gbé inú rẹ̀, tó ń gba atẹ́gùn lọ́tùn-ún lósì, nígbà tí obìnrin tó ni yàrá ń ṣa irun kúrò nínú ọbẹ̀. Ìyá Ìbejì kì í kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn kó má pòṣé. Nígbà tó yá, kò mọ̀ mọ́ pé òun ń pòṣé.

Ká ní ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ ni, ìbínú ì bá mọ níwọ̀n. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló mọ̀ ju ojú títì lọ. Bí wọ́n bá tún búrèkì ṣe, ráídétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bí wọ́n bá dí ráídétọ̀, gíà ò ní wọlé. Mẹkáníìkì ọ̀hún, abẹ́ igi ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkọ̀ yìí ló sì fi kọ́ ilé alájà. Kì í ṣe olè, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọkọ̀ náà ló ń ṣe é lóore. Ìyá Ìbejì a máa pe ilé alájà yẹn ní "ilé wa kejì", pàápàá tí ìyàwó mẹkáníìkì bá wà nítòsí.

Bàbá Ìbejì náà kì í sanwó bọ̀rọ̀. Ohunkóhun tí mẹkáníìkì bá ní ó ti bàjẹ́, àfi kó kọ́kọ́ ki gíláàsì tó fi ń wo inú aago bọ ojú, kó yẹ irin náà wò bí ẹni ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.

"Irin tó le báyìí lo ní kí n jù nù? Ṣé Ọlọ́run ò ní bi ọ́ ni?"

"Bàbá, ó ti jẹrà látinú. Tuntun la máa rà."

"Iye tó o pè yẹn ńkọ́? Ọkọ̀ tó dàgbà tó yìí! Ṣé o ò mọ̀ pé à ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àgbà ló ń lo oògùn jù."

Ó sanwó. Ṣùgbọ́n irin ògbólógbòó náà, kò ní fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní wọn ò ní rí òun fi ṣe ọ̀dẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tún tà á fún òun lọ́dún tó ń bọ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń kó gbogbo wọn sí. Bí Ìyá Ìbejì bá dìde lówùúrọ̀, á fi ìka ẹsẹ̀ gbá páìpù. Ó sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé odidi ẹ́ńjìnnì lòun ń sùn lé lórí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́.

Ti iná iwájú ló wá burú jù. Iná tọ̀tún kú, kò sì sẹ́ni tó ń ta irú rẹ̀ nítòsí mọ́, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sókè òkun. Owó tí wọ́n fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ló bá a lọ. Wọ́n retí títí, nígbà tó dé, iná òsì ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ìyá Ìbejì ní kó dá a padà, kíá. Bàbá Ìbejì ní rárá o, ohun rere kì í ṣòfò, ti òsì náà ń bọ̀ wá kú. Kò sì pẹ́ tí oníkẹ̀kẹ́ kan fi kọlu ọkọ̀ níwájú ilé, iná òsì fọ́ yángáyángá. Oníkẹ̀kẹ́ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀, kò mọ̀ pé oore lòun ṣe. Bàbá Ìbejì ló gbé e dìde. Ó sáré wọlé, ó ń fò sókè.

"Ìyá Ìbejì, bá mi yọ̀! Iná ti fọ́!"

Ìyá Ìbejì gbójú sókè, ó wo ibi tí òrùlé ti ń jò, ó bi Ọlọ́run léèrè bóyá òun lòun fẹnu ara òun yan ọkùnrin yìí.

Òun ló yàn án. Kò sẹ́ni tó fipá mú un, ó sì mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wà tí Bàbá Ìbejì fi ọkọ̀ náà gbé e jáde, tí wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀, tí wọ́n lọ títí dé etí omi tí wọ́n sì padà, tí kò dúró níbì kankan. Ojú Bàbá Ìbejì ń dán nídìí sítíárìn bí ojú ọmọ tó gbégbá orókè. Ìyá Ìbejì ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbádùn ọjọ́ yẹn. Tó bá sọ ọ́, ta ni yóò máa bá ọkọ̀ náà jà?

Nígbà tí àìsàn dé sí bàbá, ó ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyá Ìbejì, tó fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn díẹ̀, mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì.

"Ẹ dìde, Bàbá Ìbejì. Ọkọ̀ yín lẹ máa bá lọ sí ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa wà á."

Bàbá Ìbejì wo kọ́kọ́rọ́, ó mi orí. "Pe takisí, Ìyá Ìbejì. Mo fẹ́ dé ibẹ̀."

Ìyá Ìbejì gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ nípa àìsàn náà, kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Èyí ló gbà gbọ́. Ó pe takisí, wọ́n sì dé, ṣùgbọ́n bàbá ò bá wọn padà wálé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ìbejì ní kí màmá àwọn ta ọkọ̀, kó gba yàrá rẹ̀. Kò dúró kí wọ́n tún un sọ. Ọkùnrin apòògùn kan ló wá wò ó, ó sì ń rìn yí i ká, ó ń tàbùkù rẹ̀ bí gbogbo ẹni tó fẹ́ rajà ti ń ṣe.

"Ìyá, ọkọ̀ yìí ti gbó o. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti ń dógùn-ún."

Ìyá Ìbejì, tó ti ń bú ọkọ̀ yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ hó.

"Ta ló gbó? Ó dáa, mo ti fowó kún un."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò sọ ọ́ ní èébú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni mo kàn ní—"

"Mo tún fi kún un! Ṣé o mọ ìyà tí èèyàn jẹ lórí ẹ́ńjìnnì yẹn? Ṣó o mọ̀ ọ́n?"

"Táyà ńkọ́, mà?"

"Sọ̀rọ̀ táyà, kó o wò ó!"

Apòògùn sún mọ́ ọkọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, jẹ́jẹ́, láìmọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ìyá Ìbejì mọ irú ọwọ́ yẹn. Àrùn kan náà ni.

"Ṣé o níyàwó?"

"Mo ní, mà."

"Ó mọ̀ pé o wá síbí?"

Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀.

"Níbo lo máa gbé e sí?"

"Mo ń... a ń kọ́ yàrá kan lọ́wọ́ nílé, mà."

"Háà!" Ìyá Ìbejì káwọ́ lérí. "Kí ni ìyàwó rẹ rò pé o fẹ́ fi yàrá náà ṣe?"

"Ó rò pé òun máa máa ránṣọ níbẹ̀."

Ìyá Ìbejì yọ gbogbo owó tó fi kún un kúrò, ó tún dín in kù sí i. Ó ní nítorí ìyàwó ni, kì í ṣe nítorí tirẹ̀, àti pé kó lọ kọ́ yàrá méjì.

Apòògùn wọnú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ọkọ̀ dáhùn. Kò wúkọ́, kò gbọ̀n, ó jáde wẹ́rẹ́ sójú títì, ó ń lọ. Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé e jáde, ìbínú gbé e dé àárín ọ̀nà.

"Ọ̀dàlẹ̀! Aláìmoore! Ọkùnrin yẹn fi gbogbo ayé rẹ̀ bẹ̀ ọ́, o ò dá a lóhùn! Àlejò fọwọ́ kàn ọ́, o gbéra!"

Àwọn aládùúgbò jáde wá làjà, wọn ò rí ẹni tó ń bá jà.

Bí Ìyá Ìbejì ṣe gba yàrá rẹ̀ nìyẹn. Ó kó àga wọlé, ó gbé dígí kọ́, ó so aṣọ fèrèsé. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ọ́ìlì tí ọkọ̀ ti jò sílẹ̀ ti di àbààwọ́n dúdú láàárín ilẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kò lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan tó ń dirun fún tẹjú mọ́ ibẹ̀.

"Màmá, ẹ ò ṣe jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò ó? Yàrá tó rẹwà báyìí."

"Ṣé ilẹ̀ lo ní kí n bá ẹ dì ni? Orí ẹ ni mo ń ṣe, jẹ́ n ráyè ṣe é!"

Ìyá Ìbejì di ìdì kan, ó di òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró.

"Má bínú, ọmọ mi. Gbogbo ọdún tí mo fi wá yàrá yìí ni inú fi ń bí mi. Mo ti gbà á, inú ṣì ń bí mi."

"Kí ló tún kù, mà?"

"Ó ti fẹ̀ jù." Ó wo àbààwọ́n ilẹ̀ náà. "Àárò ọkọ mi ń sọ mí."

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ Ìyá Ìbejì mú lórí èjìká ara rẹ̀. Ìyá Ìbejì fi etí aṣọ nu ojú, ó ní kó tẹrí ba, irun ẹ̀yìn ọrùn ló kù.