Ìtàn Iṣẹ́ Ọnọ́rébù Tí Wọ́n Ní Kí N Kọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ Ọnọ́rébù wa tó ti fẹ̀yìn tì.

Tíṣà ni mí ní Ìlọ́bù. Ìfọ́n ni wọ́n ti bí màmá mi, Ìlọ́bù ni wọ́n lọ́kọ sí. Tí ìjà ilẹ̀ bá dé láàárín ìlú méjèèjì, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí fún Ọnọ́rébù. Pásítọ̀ ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ wọn ní Àbújá, kí n sì kà á síta. Mo lọ bá wọn nílé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo wá bèèrè òfin tí wọ́n gbé lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Wọ́n wo àjà. Wọ́n ní òfin tí àwọn lọ́wọ́ sí pọ̀. Mo ní kí wọ́n dárúkọ ẹyọ kan. Wọ́n ní ṣé mi ò rí fọ́tò àwọn àti àwọn òyìnbó lára ògiri ni. Ẹ gbọ́ o, sáà méjì nílé aṣòfin, fọ́tò ló bí.

Wọ́n wá ní, "Tíṣà, kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo parí ìjà Ìlọ́bù àti Ìfọ́n."

Lọ́jọ́ tí wọ́n sun ilé wa nínú ìjà yẹn, orí ọ̀kadà la gbé màmá mi sí tá a fi sá lọ sí ìlú Ẹ̀rìn nítòsí. Ìlọ́bù ń pe màmá mi ní ará Ìfọ́n, Ìfọ́n ń pè wọ́n ní ìyàwó Ìlọ́bù. A pe fóònù Ọnọ́rébù títí, wọn ò gbé e.

Mo ní, "Bàbá, níbo lẹ wà lọ́jọ́ náà?"

"Àbújá ni mo wà. Mò ń fi àdúrà ràn yín lọ́wọ́."

Ṣé pásítọ̀ la dìbò pé kí wọ́n lọ jẹ ni? Mo dágbére, mo jáde.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, mo ka orúkọ wọn, mo ka iléèwé wọn. Mo wá ní, "Ní ti Àbújá, Ọnọ́rébù lọ, wọ́n jókòó, wọ́n sì padà wálé. Bàbá, ẹ kú ìjókòó."

Màmá mi ló kọ́kọ́ ṣe àmín, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Pásítọ̀ ò tíì dá mi lóhùn dòní. Kò dùn mí. Ẹnu kì í ṣe ohun tí à ń yá ènìyàn kó lè fi purọ́.

Ọnọ́rébù tiyín ńkọ́? Kí ni wọ́n gbé ti Àbújá bọ̀? Ẹ sọ fún wa.