Ìgò Tòmátì Lórí Tábìlì Àdúrà

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlútítun kì í ṣàì rùn fún èéfín pupuru, oúnjẹ gbágùúdá tí a ń fi èéfín yan, nítorí Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi, kì í jẹ́ kí iná kú lábẹ́ àjà tó fi ń yan án. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òórùn tòmátì tó ń hó ló borí rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo gbin tòmátì kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀, ó sì so títí ẹ̀ka fi ń wólẹ̀. Lọ́jà Okìtìpupa nígbà náà, ẹni tó bá gbé tòmátì lọ ló ń gbé e bọ̀. Mo bá sè é, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo rọ ọ́ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, mo dé e, mo sì tún se àwọn ìgò náà nínú ìkòkò omi. Bí o bá fo ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, ọ̀rẹ́ mi, asán ni gbogbo làálàá.

Mo fún Ìyá Ìbejì ní díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ gbà á, ó ṣàdúrà fún mi. N kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn ládùúgbò tó sún mọ́ mi tó o. Ṣùgbọ́n nígbà tí tòmátì di ọ̀wọ́n, mo rí i tó ń ra èyí tó ti rọ̀ lọ́wọ́ oníkiri. Mo yà kí i lọ́jọ́ kan, mo sì rí àwọn ìgò mi lórí tábìlì àdúrà rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là àti omi ìyàsímímọ́. Kò ṣí ìkankan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bó bá kí mi, mo máa ń wò ó bóyá ìkíni náà kúrú. Bí òun àti ẹnìkan bá dákẹ́ nígbà tí mo jáde, mo gbà pé èmi ni wọ́n ń sọ. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ gbágùúdá. Ìfura kì í dúró béèrè. Kò pẹ́, n kò lọ bá a jókòó nídìí iná mọ́.

Nígbà tí kò ṣeé mú mọ́ra mọ́, mo lọ bi í nípa àwọn ìgò náà. Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀.

“Màmá Tíṣà, ẹ má bínú. Pupuru, iná àti èéfín ni kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Ata gbígbẹ, oòrùn ni. Kí ni kò jẹ́ kí èyí rà? Ohun tó jẹ́ kí n gbé e síbi àdúrà nìyẹn.”

Mo ṣàlàyé fún un bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó wá ní, “Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ẹ ti jẹ nínú rẹ̀?”

N kò tíì jẹ. Mo ti ń sọ fún ara mi pé mò ń tọ́jú wọn di ìgbà ọ̀wọ́n, ọ̀wọ́n sì ti dé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìdérí ọ̀kan wú, àmì pé ó ti bàjẹ́, mo dà á nù, àtìgbà náà ni mo ti ń wo ìyókù tìfuratìfura.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó gbé oúnjẹ fúnni ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo mú ọ̀kan tí ìdérí rẹ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì àdúrà náà, mo ṣí i, àwa méjèèjì sì na imú sí i. Mo fi epo dín in nínú ìkòkò rẹ̀, mo fi pupuru rẹ̀ jẹ ẹ́. Ó jókòó tì mí, ó ń wo ọ̀fun mi, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án.

“Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná,” ló wí.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó ti dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó wo ojú mi, ó wo ikùn mi, kó tó rántí pé ó yẹ kí òun kí mi. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, inú kò run mí. Ẹ̀rín pa wá. Òun náà jẹ tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ pé ohun tí èèyàn bá lóye, kì í bà á lẹ́rù. N kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo lóye ìgò yẹn délẹ̀, síbẹ̀ àyà mi já nígbà tí mo gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì. Ìyá Ìbejì kò fura sí mi ju bí èmi fúnra mi ti fura sí iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ.