Rachidi Tí Ó Ń Gba Àgùntàn Lọ́wọ́ Ọ̀bẹ

Bí ẹ bá dé àdúgbò Dowa ní Àjàṣẹ́ tí ẹ sì béèrè Rachidi aránṣọ, wọn á kọ́kọ́ bi yín pé, "Rachidi alágùntàn ni, àbí Rachidi tí kì í jẹran?" Ẹyọ ènìyàn kan náà ni. Bó ṣe di méjì ni mo fẹ́ sọ, ó sì dùn mọ́ mi débi pé n kò mọ ibi tí n óò ti mú un. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ara ṣòkòtò.

Lọ́dún 1964, ọ̀gbẹ́ni kan tí à ń pè ní Misié Adéníran, akọ̀wé ní bírò ìjọba, gbé aṣọ wá pé kí Rachidi fi rán ṣòkòtò fún òun. Ìwé ìròyìn Faransé àtijọ́ ni Rachidi máa ń gé ní àwòṣe kó tó gé aṣọ. Ó fi ìwé náà gé ẹsẹ̀ òsì ṣòkòtò, ó fi gé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bó ṣe tẹ́ ẹsẹ̀ òsì sórí aṣọ ni ojú rẹ̀ bọ́ sí ohun tí wọ́n kọ sí i. Wọ́n ní àwọn kan nílùú òyìnbó ti jáwọ́ nínú ẹran jíjẹ. Wọ́n ní oúnjẹ tí màlúù kan ń jẹ kí ọ̀bẹ tó kàn án á tó láti fi bọ́ odidi agbo ilé kan. Wọ́n ní igbó ń tán nítorí pápá ẹran, ẹran tí a sì so mọ́lẹ̀ ń jìyà. Níbi orúnkún ni ọ̀rọ̀ ti já, nítorí àlùmọ́gàjí ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹlòmíràn ì bá wo ẹsẹ̀ ọ̀tún. Rachidi kò wò ó. Ó dìde níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì búra pé òun kò ní jẹran mọ́ láyé. Ẹni tó máa ń fa egungun títí egungun á fi máa dán ni o.

Àìjẹran nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní òun á máa gbà wọ́n là. Gbogbo ọjọ́ ọjà Akpro-Missérété ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, àgùntàn tó bá sì rí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa á, á rà á. Kí ọdún tó yí po, mọ́kànlá ló wà ní àgbàlá rẹ̀, àgbò ńlá kan sì ni ọ̀gá wọn.

Àmọ́ ẹran kò mọ̀ pé wọ́n ti gba òun là. Ebi ló mọ̀. Wọ́n jẹ koríko Dowa tán, wọ́n jẹ ọgbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, wọ́n wá bọ́ sórí ẹ̀fọ́ Ìyá Asmaou tó ń dáko lẹ́yìn ilé. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí náà ni Rachidi ti ń ra ẹ̀fọ́, nítorí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ló kù tó ń jẹ.

"Ìyá, ẹ bá mi wá tẹ̀tẹ̀ díẹ̀."

"Tẹ̀tẹ̀ rẹ wà nínú àgbò rẹ. Lọ bẹ̀ ẹ́ kó bù fún ọ."

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni àgbò náà jẹ ṣòkòtò Misié Adéníran lórí okùn, láti ìbàdí dé orúnkún, tòun ti bọ́tìnì. Akọ̀wé di èyí tó kù mú, ó ní, "Rachidi, o ní o kì í jẹran. Ẹran rẹ ń jẹ èmi."

Ẹ̀rín lásán ni gbogbo èyí ì bá jẹ́, àmọ́ Kadidjatou wà níbẹ̀. Òun ni àfẹ́sọ́nà Rachidi, ọmọ Àlàájì Souaïbou, alápatà tó ń pa ẹran fún gbogbo Dowa. Bẹ́ẹ̀, bí Iléyá bá dé, ẹni tó ní àfẹ́sọ́nà gbọ́dọ̀ fa àgbò lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí Rachidi lọ kúnlẹ̀ níwájú Àlàájì.

"Bàbá, mo máa mú àgbò wá. Àmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á."

Àlàájì ń pọ́n ọ̀bẹ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Kí n fi ṣe kí ni? Kí n kọ́ ọ ní kéwú?"

"Kí ẹ máa sìn ín ni, Bàbá. Ẹran jíjẹ ń ba ilẹ̀ jẹ́. Igbó ń tán."

"Koríko tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí lọ́dún tó kọjá, ṣé èmi ni mo jẹ ẹ́?"

Àlàájì gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Gbọ́, ọmọ mi. Ọmọ alápatà lo ní o fẹ́ fẹ́. Bí àgbò bá dé lẹ́yìn ìrun Iléyá, tí mo sì fọ̀bẹ kàn án, ìyàwó rẹ dé nìyẹn. Bí kò bá dé, kí ìwọ àti àwọn àgùntàn rẹ máa ṣe ọkọ àti aya lọ."

Ọjọ́ kẹta, Kadidjatou wá sí ìsọ̀ aránṣọ. Ó pè é ní Fofo, bí àwa ará Àjàṣẹ́ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin.

"Fofo, ìwé wo lẹ kà tó kó wa sí gbogbo èyí?"

Rachidi já ìwé ẹsẹ̀ òsì wálẹ̀ lórí ìṣó. Ó kà á fún un tán.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ńkọ́?"

Ìkòkò ẹ̀wà ni Rachidi fi ìyẹn dé. Kadidjatou gbé e kúrò níbẹ̀, ó nu epo ara rẹ̀, ó kà á jẹ́ẹ́, ẹ̀rín wá ń gbọ̀n ọ́n léjìká.

"Wọ́n ní bí àwọn èèyàn kò bá jẹran mọ́, wọn kò ní máa sin ẹran púpọ̀ mọ́, ìyẹn nilẹ̀ á fi sinmi. Ẹ̀yin wá ń rà wọ́n kún un. Ẹ rò pé ẹni tó ń tà wọ́n fún yín l'Akpro ń sunkún? Méjì ló ń sìn báyìí dípò ẹyọ kan."

"Wọ́n kọ bẹ́ẹ̀?"

"Ti Akpro yẹn, èmi ni mo fi kún un. Àmọ́ wọ́n kọ èyí tó kù."

Rachidi jókòó. "Kí n wá ṣe báwo?"

"Ẹ má jẹran, kò sẹ́ni tó máa ti ẹran bọ̀ yín lẹ́nu. Ẹ má rà á mọ́. Ẹ so àwọn tó kù mọ́lẹ̀, kí ẹ máa kó ìgbẹ́ wọn fún Ìyá Asmaou, kó fi bọ́ ilẹ̀ tí wọ́n jẹ. Àgbò ní tiẹ̀..." Ó ká ìwé náà sí méjì. "Àgbò tàbí èmi ni, Fofo."

Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ni Rachidi fi rò ó. Ó rán apá méjì sí ojú apá kan ṣoṣo lára agbádá ẹnì kan, kò sì mọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Iléyá, ó fa àgbò jáde. Kò tíì rìn jìnnà tí Ìyá Asmaou fi tẹ̀ lé e. "Itan òsì tèmi ni. Tẹ̀tẹ̀ mi ló wà níbẹ̀."

"Ṣòkòtò mi wà ní gbogbo ara rẹ̀," ni Misié Adéníran wí, òun náà sì bọ́ sẹ́yìn wọn. Ẹni tí àgbò jẹ ọgbà rẹ̀ ń bọ̀, ẹni tí àgbò jẹ ẹní rẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé ilé Àlàájì, wọ́n ti lé ní ogún.

Rachidi kọjú sí ògiri títí ọ̀bẹ fi ṣe tán. Kadidjatou gbé ẹ̀wà fún un. Àlàájì fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ẹran.

"Ṣé lóòótọ́ ni o kò ní fẹnu kàn án?"

"Lóòótọ́ ni, Bàbá."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, èmi ni n óò máa bá ọ jẹ ìpín rẹ. Ẹ lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó." Ó wá na ọwọ́ sí i. Bọ́tìnì dúdú kan ló wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Inú àgbò ni mo ti rí i. Ta ló ni ín?"

Rachidi fọ̀ ọ́, ó fi sápò. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó láti rán ṣòkòtò mìíràn fún Misié Adéníran, kó lè fi bọ́tìnì náà sí ojú àyè rẹ̀. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó ka apá òsì, ó ka apá ọ̀tún. Apá òsì ń sọ ti eré ìje kẹ̀kẹ́, apá ọ̀tún ní òjò á rọ̀ ní Paris. Ó mí kanlẹ̀, ó sì mú àlùmọ́gàjí.