Búùtà Pupa Ojú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lójú ọ̀nà Ilo-Awela nígbà tí òórùn ọ́ìlì tó ń jóná gbá mi nímú. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti bẹ́ sílẹ̀, èmi àgbà onírùngbọ̀n funfun, mo ń sáré, bàtà mi ẹsẹ̀ kan ṣì wà nínú kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń wà á rẹ́rìn-ín títí: "Bàbá, tirélà iwájú ni o! Kì í ṣe tiwa!"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí náà lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wà ní púráìmárì fọ́ọ̀ nígbà tí bàbá mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ìṣó ní Sàngó, ra ọkọ̀ àlòkù kan. Bí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àwòrán kéékèèké á tàn níwájú wọn, òmíràn pupa, òmíràn bí àwọ̀ ọsàn. Bàbá mi ò mọ̀wé. Èmi tí mo máa ń gba ipò kẹtàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n ọmọ ni wọ́n ń pè ní Àkọ̀wé, èmi náà ni wọ́n sì fi ṣe ògbufọ̀ ọkọ̀. Mi ò jẹ́ sọ pé mi ò mọ̀ láé. Èyí tó ní àmì ìyanu láàárín òbìrìkìtì, mo ní ìwakọ̀ Bàbá ló ń ya ọkọ̀ lẹ́nu. Inú wọn dùn gan-an.

Èyí tó pupa jù jọ búùtà tí Bàbá fi ń ṣe àlùwàlá gẹ́lẹ́: ìdí, ọwọ́, ẹnu gígùn, nǹkan kan sì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Kí la ń rọ sí búùtà? Omi ni. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìrọbí mú ìyá mi. Agbẹ̀bí àdúgbò fọwọ́ kàn án, ó ní ọmọ ti dábùú, ká tètè gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Ọ̀tà. Bàbá tẹ́ ìyá mi sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ní kí Àkọ̀wé jókòó níwájú. A ò tíì rìn jìnnà tí búùtà fi tàn, tí ẹ́ńjìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu kò-kò-kò.

"Àkọ̀wé, kí ló wí?"

"Omi ló ń béèrè, Bàbá."

Bàbá dúró, wọ́n da omi kẹ́ẹ̀gì sí ràdíétọ̀. A tún gbéra. Búùtà ò kú.

"Ó ní kò tó," mo wí.

Wọ́n tún dúró, wọ́n rọ omi títí ó fi ń ṣàn sílẹ̀. Ìyá mi tó fi eyín di aṣọ mú lẹ́yìn ké: "Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró mọ́!"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri iléeṣẹ́ kan ní Sàngó, ẹ́ńjìnì ṣe gbàù, ó kú. Òórùn ọ́ìlì tó jóná gba inú ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé dúró, ọkùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ kún fún gíríìsì sọ̀ kalẹ̀, ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ó gbẹ bí eegun.

"Búùtà ló tàn," ni Bàbá wí, "a sì rọ omi."

"Búùtà kẹ̀? Agolo ọ́ìlì nìyẹn, ọ̀gá! Ṣé ọkọ̀ fẹ́ kírun ni? Ta ló sọ pé omi ni?"

Mo ti lanu. Bàbá mi wò mí fìrí.

"Èmi ni," ni wọ́n wí.

Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé ìyá mi sínú bọ́ọ̀sì, awakọ̀ wọn sì yí padà sọ́nà Ọ̀tà. Bàbá bá wọn lọ, wọ́n ní kí n dúró ti ọkọ̀. Mo fi omi tó kù ṣe àlùwàlá, mo kírun títí mi ò fi mọ iye rákà mọ́. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó mú èmi, kó fi ìyá mi sílẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rù bà mí, mo ní kó jọ̀ọ́, kó má mú èmi náà.

Kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá fẹsẹ̀ rìn dé. Wọ́n ní dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá mi, ó wà láàyè. Ọmọ náà, obìnrin ni, kò sunkún. Bàbá fọwọ́ lé mi lórí.

Iléeṣẹ́ ìṣó yẹn ti di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ẹ̀yin náà, fóònù lẹ máa nà sí iná ojú ọkọ̀, á sì sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá ti lọ. Ìyá mi wà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Tó bá ń ròyìn ọjọ́ yẹn fún àwọn ọmọ-ọmọ, á ní: "Bàbá yín àgbà ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Omi! Omi ni wọ́n ń rọ, tí ọmọ mi ń kú lọ!" Gbogbo ilé á mi orí. Èmi náà á bá wọn mi tèmi.