Wọ́n Sunkún Mi ní Dowa, Mo sì Ń Gbọ́

Wọ́n sunkún òkú mi láàárọ̀ yìí ní Dowa, ìlú tí à ń gbé ní orílẹ̀-èdè Malawi, etí mi sì gbọ́ ọ.

Olùkọ́ famasí ló rán ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wá sílé mi, kó kọ́ bí a ṣe ń bá arúgbó sọ̀rọ̀ oògùn. Bó ṣe jókòó ló ń pariwo mọ́ mi: “Baba! Lẹ́yìn oúnjẹ ni o! Ṣé ẹ gbọ́?”

Ta ló ní mo dití? Mo dijú, mo dákẹ́.

“Baba! Ẹ dákun, Baba o!” ni ọmọ náà ń ké.

Ni Ìyá Ráfíù, aládùúgbò mi, bá gbọ́ igbe rẹ̀, ó káwọ́ lérí wọlé, ó ń sunkún, ó ń kì mí. Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò kì mí mọ́. Mo jẹ́ kó kì mí tán kí n tó lajú.

“Baba burúkú! Ẹ dá oríkì mi padà!”

Ọmọ náà wá rọra bi mí: “Ìgbà wo lẹ máa lo oògùn, Baba?”

“Lẹ́yìn oúnjẹ.”

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa tètè lajú?