Ààwẹ̀ Tí Mo Fi Ìtàn Gbà

Mo rántí ìgbà tí mo fẹ́ fi ìwé kíkọ rúbọ sí Ọlọ́run, tí mo sì rò pé kò sí onígbàgbọ́ kankan ní gbogbo Ìbàràpá tó nítara tó èmi. Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgbó-Ọrà, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Súńdè Sùkúù ní ìjọ Áńgílíkà wa. Ìtàn ọmọdé ni mo máa ń kọ. Wọ́n ti bá mi tẹ méjì ní Ìbàdàn, ìwé pẹlẹbẹ tó ní àwòrán, tí mo máa ń gbé sínú báàgì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé ẹnìkan máa ṣèèṣì béèrè rẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí mo háyà, tọmọ Kìrìsìtẹ́nì tọmọ Mùsùlùmí, kí n lè ka ohun tí mo kọ láàárín ọ̀sẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ó dára. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ja ara wọn léèékánná, mo mọ̀ pé mo ní láti tún un kọ.

Síbẹ̀ ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo lè wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí a bá ń ka Lítánì, kí n ṣàdédé rí i pé ọ̀rọ̀ tí adìẹ kan máa sọ fún àṣá ni mò ń rò. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tilẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Tíṣà, ẹran tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn yìí, níbo ló wà nínú Bíbélì?” Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù tó sọ̀rọ̀ nínú Bíbélì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ìwé kíkọ yìí ti ń bá Ọlọ́run du ọkàn mi.

Báyìí ni Ọjọ́rú Eléérú tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì dé. Àlùfáà ìjọ wa fi eérú sàmì sí wa níwájú orí, ó sì wàásù pé kí kálukú fi ohun kan tó fẹ́ràn sílẹ̀ títí di Àjíǹde. Àwọn kan fi ẹran sílẹ̀, àwọn kan fi ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀. Akọrin kan tó jókòó nítòsí mi ní ìbínú ni òun máa fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìta ṣọ́ọ̀ṣì tó fi ń bá ẹnìkan jà nítorí agbòòrùn. Èmi ní tèmi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé mi ò ní kọ ìtàn, mi ò sì ní ka ìtàn fún ọmọ kankan, títí agogo Àjíǹde yóò fi dún. Inú mi dùn sí ara mi gan-an. Mo rò pé àwọn áńgẹ́lì pàápàá á ti máa nàka sí mi lọ́run.

Ohun tí mi ò rò ni pé mo wà láàárín ìtàn kan. Ìtàn ọmọ ewúrẹ́ kan ni, tí wọ́n rà ní ọjà Ìdèrè, tí wọ́n gbé sórí ọ̀kadà lọ sí Èrúwà sọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí. Ibi tí mo kà á dé ni ibi tí ọ̀kadà ti dúró, tí ilẹ̀kùn ilé àjèjì náà sì ń ṣí. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ó di ìgbà Àjíǹde. Wọ́n kùn, wọ́n sì lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò lọ.

Ọmọ-ọmọ ìyá onílé mi ni. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀, ìyá onílé mi tó bí ìyá náà ló sì ń tọ́ ọ. Ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n láti ìran dé ìran. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ló ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀.

“Àǹtí, ṣé wọ́n gbà á nílé yẹn?”

“Ta ni wọ́n gbà?”

“Ewúrẹ́ yẹn.”

“Ó di Àjíǹde. Mo ti bá Ọlọ́run ṣèlérí.”

“Mi ò ní sí níbí nígbà yẹn.”

Òótọ́ ló sọ. Bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun máa wá mú ọmọ òun kó tó di Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ọmọ náà kò fojú kan ìyàwó yìí rí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi tí ọmọdé bá nawọ́ sí tó ń sunkún, bí ìyá rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ á wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń pe ara mi ní òǹkọ̀wé ọmọdé, mi ò gbọ́ ohun tó ń bi mí. Mo fọwọ́ pa á lórí, mo ní kó ní sùúrù, mo sì gba ọ̀nà ilé ìwé lọ tèmi tìlérí mi.

Lọ́dún náà, ààwẹ̀ Ramadan bá Lẹ́ńtì wa lọ́nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ku díẹ̀ kí bàbá ọmọ náà dé, mo ti ilé ìwé bọ̀, mo bá ìyá onílé mi nídìí ààrò, ó ń se ọbẹ̀ ilásá. Ooru ọjọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ, ètè obìnrin náà sì ti gbẹ. Ó kán ọbẹ̀ díẹ̀ sí ọmọ náà látẹ́lẹwọ́.

“Bá mi tọ́ ọ wò. Ṣé iyọ̀ ẹ̀ tó?”

“Ó kù díẹ̀, Ìyá àgbà.”

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Màmá, ẹ ń gbààwẹ̀, ẹ tún ń dáná ọ̀sán nínú ooru yìí?”

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. “Èmi ni mò ń gbààwẹ̀ kẹ̀, Tíṣà. Ọmọ yìí ò gbààwẹ̀. Ṣé torí pé ebi ń pa èmi, kí n wá febi pa òun náà ni?”

Ó bu iyọ̀ sí i, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ rárá pé òun bá mi wí.

Mo wọ yàrá mi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ojú tì mí, ẹ̀rín sì tún ń pa mí. Àṣé oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹni tó fi ẹran sílẹ̀, ẹran tirẹ̀ ló fi sílẹ̀. Èmi fi ìtàn sílẹ̀, ọmọ kan ni ebi rẹ̀ ń pa. Mo rántí ìjẹ́wọ́ tí gbogbo wa jọ máa ń kà nínú ìsìn, níbi tí a ti ń sọ fún Ọlọ́run pé kì í ṣe ohun tí a ṣe nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ wa, ohun tó yẹ ká ṣe tí a kò ṣe náà wà níbẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo wá bírò mi kàn.

Ìparí ìtàn náà kò rọrùn. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí ewúrẹ́ já okùn, kó gba inú igbó sá padà sí Ìdèrè. Àwọn ọmọ tó kù ì bá pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ gbọ́ ọ kò lè sá padà, mi ò sì lè di irọ́ mọ́ ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Mo fagi lé e, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń kọ̀wé, mo ń gbàdúrà, nígbà tó yá mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe mọ́. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń kọ ìtàn.

Àárọ̀ Sátidé ni bàbá rẹ̀ dé. Bí wọ́n ti ń di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀, mo pe ọmọ náà jókòó tì mí lọ́dẹ̀dẹ̀, mo ka ìparí rẹ̀ fún un. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ewúrẹ́ náà, wọ́n sì gbà á wọlé. Ìyá inú ilé náà kò mọ ohun tó máa ń jẹ. Ó fún un ní èèpo iṣu, kò jẹ ẹ́. Ó fún un léèpo ẹ̀gẹ́, ó jẹ díẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, ó sunkún. Ilẹ̀ mọ́, ebi ń pa á, ó jẹ èyí tó kù. Nígbà tó yá, bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ obìnrin náà, á dìde.

Ọmọ náà tún sún mọ́ mi.

“Ṣé ó sunkún gan-an ni?”

“Ó sunkún díẹ̀.”

“Ó dáa. Èmi náà á sunkún díẹ̀.”

Ó kúnlẹ̀ fún mi, ó lọ dì mọ́ ìyá àgbà rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀. Èmi ni mo sunkún púpọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá àlùfáà wa pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́, mo jẹ́wọ́ pé mo ti ba ẹ̀jẹ́ mi jẹ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbáwí. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán, ó wá bi mí pé, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ewúrẹ́ náà?” Mo sọ fún un. Ó ní kí n kà á fún gbogbo àwọn ọmọ ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, nígbà tí ìjọ bá lọ sí Gálílì, ìgbafẹ́ ọdún Àjíǹde.

Nígbà Iléyá, ìyàwó bàbá ọmọ náà ló mú un wá kí ìyá àgbà rẹ̀. Ó yà sọ́dọ̀ mi, obìnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí. Ó ní, “Ẹ̀yin ni Àǹtí oníwèé? Lálẹ́ ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní kí n má wulẹ̀ bẹ òun o, pé díẹ̀ lẹkún tóun máa sun.” Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. “Mo bá jókòó tì í títí ó fi sun ún tán.”

Ọdún ti yí lu ọdún láti ìgbà náà. Mo ṣì ń gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ẹran ni mo sì máa ń fi sílẹ̀ bíi ti gbogbo ayé. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bí mo ṣe ń fi ìgbàgbọ́ pọ̀ mọ́ ìtàn ọmọdé, mi ò sì ní àlàyé gígùn láti ṣe fún wọn. Mo rò nígbà kan pé ohun tó jẹ́ ti Ọlọ́run ni mò ń mú fún àwọn ọmọ. Àṣé Òun gan-an ló fi ìtàn náà rán mi sí wọn, tí mo gbé e dání tí mi ò jíṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé jẹ́jẹ́ ló bá mi wí, àti pé ó bá mi wí kí ọkọ̀ Ìbàdàn yẹn tó gbéra.